ỌGBÀ FÁJUYÌ NÍ ADÓ-ÈKÌTÌ: Ọ̀RỌ̀ ONÍLÉ ÀTI ÀLEJÒ

Bí ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa ṣe ń jáde lọ́dọọdún, ó dára kí ọ̀rọ̀ ìtàn máa wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí fọ́tò àti ìkíni kú oríire, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Lọ́dún yìí, ọgbà ìrántí kan ni a fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Àárín ìlú Adó-Èkìtì ni ọgbà náà wà. Fajuyi Park ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ìrántí Lẹ́fútẹ́nàǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ni a sì fi í ṣe.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan ará Zaria nínú ọgbà tí ó wà ní Adó. Ìbéèrè tí ó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ni ọgbà náà ń sọ. Àwa tí à ń ka ìwé yìí, àlejò ni wá níbi tí a wà, onílé sì ni wá níbi tí a ti wá. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó wa.

BÍ A ṢE DÉ IBẸ̀

Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀kan nínú wa ni ó gbé wa lọ sí Èkìtì. Láti Zaria a gba Kàdúná, Abuja àti Lọ́kọ́ja, a gba Kàbà bọ́ sí Ọ̀mùò, a kọjá Ìkọ̀lé àti Ìfàkì kí a tó wọ Adó. Nígbà tí ìnáwó parí, a ní kí a má padà láì fi ojú kan ọgbà Fájuyì, pàápàá nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá wa lọ, tí púpọ̀ nínú wọn kò dé Èkìtì rí.

Ẹni tí ó bá rò pé ibi tí ó pa rọ́rọ́ bí itẹ́ òkú ni òun yóò bá, ẹnu yóò yà á. Àárín ìgboro ni. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń kọjá, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ti máa ń ṣe ìpolongo, ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣe ayẹyẹ ìlú lóríṣiríṣi. Àwa kò ka èyí sí àbùkù. Yorùbá kì í lé òkú ẹni rere jìnnà. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin àgbàlagbà sí, tí àwọn ọmọ-ọmọ yóò máa ṣeré lórí ibojì rẹ̀.

Nǹkan mìíràn ni ó dùn wá. A béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé ta ni Fájuyì. Ọ̀kan ní ọba Adó kan láyé àtijọ́ ni. Òmíràn ní olóṣèlú ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ pé sójà ni, òun náà kò sì mọ ohun tí ó ṣe. Gbogbo wọn ni ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn kan sì wà ní yunifásítì. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni ìjọba ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ó sì tó ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí ó padà. Ọmọ tí olùkọ́ kò kọ́, tí òbí kò sọ fún, níbo ni yóò ti gbọ́? Nítorí náà ni a ṣe jókòó sínú ọgbà náà lọ́jọ́ yẹn, tí a sì sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ni a fẹ́ sọ fún gbogbo ilé báyìí.

TA NI FÁJUYÌ?

Ọmọ Adó-Èkìtì ni. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1926 ni a bí i. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun. Kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọmọ ogun lásán ni, ó sì gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di sájẹ́ǹtì. Ní ọdún 1951 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal, nítorí pé ó bá wọn pẹ̀tù sí aáwọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí oúnjẹ. Ní ọdún 1954 ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun.

Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun lọ pẹ̀tù sí ìjà ní Kóńgò, Fájuyì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ. Ní agbègbè Katanga, àwọn ọ̀tá lúgọ de ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ. Nítorí ìwà akin yìí ni wọ́n fi fún un ní Military Cross. Nígbà tí ó padà dé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí bàtálíọ̀nù kìn-ín-ní ní Enugu. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Kí ẹ kíyè sí i pé ṣáájú kí a tó fi í ṣe gómìnà ni ó ti mọ ohun tí à ń pè ní kí ènìyàn má fi ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ní Ìbàdàn kò ṣèèṣì ṣẹlẹ̀.

ỌDÚN 1966

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láyé nígbà náà mọ̀ pé ọdún 1966 kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọ̀gá sójà kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n pa Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa. Ní Ìbàdàn wọ́n pa Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Kàdúná níbí, wọ́n pa Sárdáúnà, Sir Ahmadu Bello. Wọ́n pa Brìgẹ́díà Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, tòun ti ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn. Wọ́n sì pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹìndé. Ẹ ò rí i pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn ní Kàdúná lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gágun J. T. U. Aguiyi-Ironsi ni ó bọ́ sí orí oyè lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi Fájuyì ṣe gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ibi tí iná Wẹ́tìẹ̀ ti ń jó láti ìgbà ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ìjọba Ironsi gbé òfin 34 jáde, òfin tí ó fòpin sí àwọn ẹkùn, tí ó sì sọ iṣẹ́ ìjọba gbogbo orílẹ̀-èdè di ọ̀kan. Àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lè mọ bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe lè já ènìyàn láyà: ẹni tí ó wà ní ipò lónìí kò mọ ẹni tí wọn yóò gbé wá lé e lórí lọ́la. Kí oṣù náà tó parí, rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀ ní Àríwá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò.

Ironsi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri orílẹ̀-èdè láti pẹ̀tù sí ọkàn àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ó bá àwọn lọ́balọ́ba sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kan ní Ìbàdàn. Ilé ìjọba, lọ́dọ̀ Fájuyì, ni ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní òru yẹn gan-an ni àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ ìjà ní Abẹ́òkúta, kí ilẹ̀ tó mọ́, sójà ti yí ilé ìjọba Ìbàdàn ká. Mejọ̀ T. Y. Danjuma ni ó léwájú wọn. Wọ́n mú Ironsi, wọ́n mú Fájuyì, wọ́n sì gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó lọ. Nínú igbó kan lẹ́bàá Lálúpọn ni wọ́n ti pa wọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Andrew Nwankwo, ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi tí wọ́n jọ mú, ráyè sá lọ. Fájuyì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogójì ọdún ní bí oṣù kan ṣáájú ni. Oṣù mẹ́fà péré ni ó fi ṣe gómìnà.

Ìjọba kò kéde ikú wọn fún gbogbo ayé títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967. Nígbà náà ni a gbé òkú Ironsi lọ sí Umuahia, tí a sì sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun.

OHUN TÍ À Ń SỌ ÀTI OHUN TÍ A MỌ̀

Ìtàn tí gbogbo Yorùbá ń sọ ni pé Ironsi nìkan ni àwọn sójà wá mú, pé Fájuyì ni ó ní wọn kò lè mú àlejò òun lọ láìmú òun. Láti ìran dé ìran ni a ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò gbà. Wọ́n ní àwọn sójà náà ń bínú sí Fájuyì fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n fura pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, pé bí àlejò kò tilẹ̀ sí nílé rẹ̀, wọn ì bá mú un. Ìwé ìrántí bí irú èyí kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pamọ́ kí ó sì sọ èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹnu kò jìn sí ara wọn lórí rẹ̀. Danjuma fúnra rẹ̀, tí ó kó àwọn sójà wọlé, ti sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé Fájuyì ni ó kọ́kọ́ jáde sí àwọn, àti pé ó ní kí òun ṣe ìlérí pé ibi kankan kò ní ṣe Ironsi. Danjuma ní mímú ni òun fẹ́ mú wọn, pé àwọn tí ó wà lábẹ́ òun ni ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ òun lọ́wọ́. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún wa ni pé nígbà tí ìbọn wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu Fájuyì ni ọ̀rọ̀ àlejò rẹ̀. Kò gba ẹ̀yìnkùlé sá. Kò fi ìka júwe yàrá tí àlejò wà kí ó lè gba ara rẹ̀ là. Ironsi kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe ará ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ní àkókò yẹn, ẹni tí ó bá dúró ti Ìgbò ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Àwọn baba wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń san án. Gbèsè tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ kò ju adìẹ àti iyán lọ. Fájuyì jẹ gbèsè tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀yìn tí yóò ti san án. Wọ́n tún ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín wo ni ì bá ju pé kí a máa pe ènìyàn ní gómìnà tí wọ́n wá mú àlejò rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, tí òun sì wà láyé tí ó ń jẹun? Nítorí náà, yálà àwọn sójà wá torí rẹ̀ tàbí wọn kò wá torí rẹ̀, ọgbà tí a fi sọ orí rẹ̀ tọ́ sí i. Àgọ́ ológun ńlá tí ó wà ní Odògbo ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

KÍ LÓ KAN ZARIA?

Ó kan Zaria ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Yakubu Gowon tí ó di olórí ìjọba lẹ́yìn ikú Ironsi, Wusasa níbí ni ó gbé dàgbà, Barewa níbí ni ó sì ti kàwé. Barewa náà ni Murtala Muhammed, tí ìtàn kà mọ́ àwọn tí ó léwájú ní oṣù Keje, ti kàwé. Danjuma wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1960. Àwọn òpópónà tí à ń rìn lójoojúmọ́ ni wọ́n rìn nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi èyí dá ìlú tí ó gbà wá lẹ́bi. A sọ ọ́ kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé ìtàn kì í ṣe nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí ó jìnnà.

Èkejì, àlejò ni a jẹ́ ní Zaria. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, tí ó gba Zaria kọjá, ni àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbí: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, káfíńtà, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ibòmíràn. Sàbon Gàrí ni a fún wọn láti máa gbé, àwọn àti àwọn ará Gúúsù yòókù. Nígbà tí pípa àwọn Ìgbò tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ọdún 1966, ní Sàbon Gàrí wọ̀nyí ni ó ti le jù ní àwọn ìlú Àríwá, Zaria kò sì yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọdún kan náà, àwọn Haúsá kan wà tí wọ́n fi aládùúgbò wọn tí í ṣe Ìgbò pamọ́ sínú ilé. Nígbà tí ogun sì parí ní ọdún 1970, ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, àwọn Ìgbò tí ó padà bá ilé wọn, àwọn kan sì bá owó ilé tí a ti bá wọn gbà pamọ́. A kò lè sọ apá kan ìtàn yìí kí a fi èkejì sílẹ̀.

Àwa náà ti rí tiwa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, nígbà tí rògbòdìyàn ẹ̀yìn ìdìbò dé Zaria, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ń sá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣí. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó ní kò sí àlejò nílé òun, Fájuyì ni lójú tiwa, bí kò tilẹ̀ sí ọgbà tí a fi sọ orí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wà fún wa gẹ́gẹ́ bí onílé. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Àwa tí a wà ní Zaria lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò sùn, nítorí a mọ̀ pé bí iná bá ń jó ní Ṣáṣá, èéfín rẹ̀ lè dé Sàbon Gàrí. Ìbàdàn kan náà tí Fájuyì ti kú nítorí àlejò ni. Kò bójú mu kí a máa yangàn pẹ̀lú orúkọ Fájuyì ní òde àjò, kí àwọn ènìyàn wa sì máa lé àlejò nílé. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wa ní Zaria ni kí a ṣe fún wọn ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Adó.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ní ojú tiwa, nǹkan mẹ́ta ni ẹgbẹ́ lè mú ṣe láìná owó púpọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹni tí ó bá ń rìnrìn-àjò lọ sílé lásìkò ọdún tàbí ìnáwó máa mú ọmọ rẹ̀ yà ní irú ibi báyìí. Kò di dandan kí ó jẹ́ Adó. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní ìtòsí wa níbí náà, ẹ mú wọn lọ sí ọgbà Gamji ní Kàdúná, tí ó wà fún ìrántí Sárdáúnà, kí wọ́n mọ ẹni tí àwọn onílé wa ń rántí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún òkú tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún òkú ẹlòmíràn.

Èkejì, ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ọjọ́ náà kan náà ni ìdìtẹ̀ ọdún 1966. Ìlú wa jẹ́ ìlú ológun, ní Zaria ni a ti ń kọ́ àwọn sójà tuntun ní iṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ fi wákàtí kan nínú ìpàdé oṣù náà sọ ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́ ní èdè Yorùbá.

Ẹ̀kẹta, àwọn àgbà wa tí ó wà ní Zaria ní ọdún 1966 ń dín kù lọ́dọọdún. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù olóhùn gbígbà lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: ta ni ó sá, ta ni ó fi ènìyàn pamọ́, ta ni ó padà wá. Bí àgbà bá lọ láìsọ, kò sí ọgbà tí ó lè sọ ọ́ fún un.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n kí a tó relé, ilé ẹlòmíràn ni à ń gbé, ẹlòmíràn sì ń gbé ilé wa. Fájuyì ti fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a tún rí irú ọdún 1966 mọ́. Kí Ó dáàbò bo onílé, kí Ó dáàbò bo àlejò, kí Ó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú ní Zaria. Àṣẹ.